Ìkéde Òkú Tí Mo Kà Kí Ilé Tó Gbọ́

Láràárọ̀ Sátidé, láago mẹ́wàá, èmi ni mo máa ń bá àwọn Yorùbá Atlanta sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún wákàtí kan gbáko. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ńlá ni o. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ilé ẹrù ni mo wà ní College Park, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, níbi tí mo ti ń yẹ ìwé ẹrù wò kí wọ́n tó gbé e sínú bàálù. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni mò ń gbọ́ látàárọ̀ títí tí màá fi ṣíwọ́. Tó bá wá di Sátidé, màá wọ aṣọ tó dáa, màá kun àtíkè, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fojú rí mi níbẹ̀, màá sì wa ọkọ̀ lọ sí ilé rédíò. Ọkọ mi ní mo ń múra fún máìkì. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí máìkì kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ilé rédíò ọ̀hún, tí ẹ bá rí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ilé kékeré olórùlé pẹrẹsẹ kan ni, ṣọ́ọ̀bù táyà wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ilé ìfọṣọ wà lósì. Òpó irin gíga tó ń gbé ohùn wa jáde kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Inú pápá kan lẹ́yìn ìlú ló wà, màlúù ń jẹko lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn ibẹ̀ sọ fún mi pé orin ìyìn ti àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì gba ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará Íńdíà gba tiwọn, àwọn ará Fíẹ́tínáàmù náà gbà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ilé rédíò àtijọ́ ni, èyí tí òfin ní kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù tí oòrùn bá ti wọ̀, tí ohùn rẹ̀ kì í wá rìn jìnnà mọ́. Nítorí náà, ojúmọmọ ni gbogbo ènìyàn ń jà sí níbẹ̀. Ẹni tí àárọ̀ Sátidé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á dì í mú gírígírí ni.

Bàbá kan ló gba wákàtí Yorùbá yìí kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ rédíò ni wọ́n nílé, ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó kọjá sí ìhín. Páálí kásẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi káàdì ra ìṣẹ́jú fóònù láti gbọ́ ìròyìn ilé, wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé lẹ́tà, wọ́n á sì kà á bíi pé tábìlì ìjọba ni ó ti wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lọ bá ọmọ wọn ní Houston, èmi ni wọ́n fa ètò náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ le, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ mọ́." Mo gbà á bí oríyìn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi: "Kí o tó ka ti òkú, pe ilé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣàdédé já ikú lu àgbàlagbà. A kì í gbé fóònù pe ìyá arúgbó pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Àwọn àgbà á kóra jọ láàárọ̀ kùtù, ẹnì kan á jókòó tì í, ẹnì kan á ti bu omi sítòsí, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó túfọ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn ọmọ tún ti fi tiwọn kún un. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, wọ́n á wá dúró de òpin ọ̀sẹ̀ kí oníkálukú lè ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn lè kú ní Túsìdeè nílé, kí ẹni tó ni ín má gbọ́ títí di Sọ́ńdè. Bàbá yẹn mọ gbogbo èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe ilé. Tí ilé bá ní àwọn ò tíì túfọ̀, wọ́n á ti ìwé ìkéde sínú dúróà di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọdún pípẹ́ ni mo fi pa òfin yẹn mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rú u, àfi bíi pé orí mi mọ ẹni tí mo fẹ́ ṣẹ̀.

Màmá kan wà ní Dacula, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Atlanta. Tísà ni wọ́n nílé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú wọn wá kí wọ́n wá bá a tọ́jú ọmọ. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọ́n ti ń wa ọkọ̀, màmá ṣì wà níbẹ̀. Ilé ńlá, àdúgbò tuntun, kò sẹ́ni tó ń kọjá lójú títì àfi ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń pe ètò wa. Wọn kì í pè láti gbóríyìn o. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti tún ń sáré kàwé. Ta ló ń lé ọ?" Tàbí kí wọ́n ní, "Òwe tí o pa lẹ́ẹ̀kan yẹn, ibi tí wọ́n ń pa á sí kọ́ nìyẹn." Wọ́n máa ń bí mi nínú, mo sì fẹ́ràn wọn bí ojú. Tí wọn ò bá pè, ọkàn mi kì í balẹ̀. Wọ́n sọ fún mi rí pé ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n wákàtí kan ló wà nínú tàwọn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú wọn fi ìkéde ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bàbá àgbà kan ti kú nílùú lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n to orúkọ àwọn ẹbí tó wà lókè òkun sísàlẹ̀, mo sì rí orúkọ màmá Dacula níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni olóògbé. Mo pe ọmọ wọn obìnrin ní Fúráídè, kò gbé e. Mo tún pè é láàárọ̀ Sátidé, lójú ọ̀nà, kò gbé e. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìròkurò. Mo ní láti Túsìdeè? Wọn ò lè máà tíì sọ fún wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹgbẹ́ ìlú yẹn ti kanra mọ́ mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ìkéde tàwọn kì í dé lásìkò, ọ̀rọ̀ náà sì ti dùn mí wọra. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo mọ iṣẹ́ mi. Ìgbéraga ni, kò ní orúkọ méjì.

Mo kà á. Mo pe orúkọ bàbá, mo pe orílé wọn, mo ka ọjọ́ ìsìnkú, mo sì fi orin ijó kan tẹ̀ lé e nítorí ìpolówó tó ń bọ̀.

Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé tí iná fóònù fi tàn. Nọ́ńbà ilé Dacula ni. Mo gbé e, mo ní, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o. Mo mọ̀ pé mo ti tún ṣe àṣìṣe." Mò ń gbọ́ rédíò wọn lẹ́yìn wọn, orin mi ń dún nínú rẹ̀. Wọ́n wá ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Tún un kà."

Mo ní, "Mọ́mì?"

"Orúkọ tí o kà yẹn. Tún un kà fún mi."

Yéè! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ti fọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n tísà ló ní kí n kàwé, mi ò lè sọ pé rárá. Mo tún orúkọ náà pè. Mo gbọ́ tí fóònù já bọ́ lọ́wọ́ wọn lu nǹkan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ wọn tó ń pariwo "Grandma".

Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè, wọ́n dá wọn dúró di ọjọ́ kejì, Ọlọ́run sì ṣe é, wọ́n padà sílé. Àmọ́ kí wọ́n tó padà, ọmọ wọn ti pè mí. Ó ní, "Aunty, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ìdí tí n ò fi ní sọ ohun tó wà lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ti Dallas bọ̀ lọ́la. Pásítọ̀ ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀ la ti tò. Kí ló dé tí ẹ ò lè dúró?"

Mo ní mo pè é.

Ó ní, "Ẹ pè mí, mò ń sùn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ṣé torí mi ò gbé fóònù ni ẹ ṣe máa kà á?"

Òótọ́ ló sọ.

Ní Mọ́ńdè, mánéjà ilé rédíò ránṣẹ́ pè mí. Aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, láti kékeré ló ti ń ṣe rédíò. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì gbọ́ gbólóhùn kan nínú Yorùbá. Lẹ́tà ọmọ màmá wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tí ẹ máa ń sọ níbẹ̀ yẹn. Mo kàn fọkàn tán yín ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ó ní tó bá fi máa di Fúráídè, tí ẹbí yẹn ò bá sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú àwọn, òun á gba wákàtí náà, òun á fún ọkùnrin kan tó ti ń tọrọ àárọ̀ Sátidé tipẹ́ láti fi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà, mo sunkún, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ara mi. Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa gba ilé wa? Mo ro ìyá kan tó wà nílé àwọn arúgbó ní Covington, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tan rédíò fún torí ìgbà yẹn nìkan ló máa ń jẹun tán. Mo ro télọ̀ kan tó máa ń tàn án sílẹ̀ kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ro àwọn awakọ̀ tí ń dúró de èrò ní pápákọ̀ òfurufú. Bàbá yẹn fi kásẹ́ẹ̀tì àti ìyà kọ́ ọ, èmi ni màá wá fi ìkánjú wó o? Láéláé. Mo nu ojú, mo sọ jáde lẹ́nu pé wákàtí yìí ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó ń pààrọ̀ táyà wò mí, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, bí mo ṣe ṣíwọ́ ní College Park ni mo kọrí sí Dacula. Gbogbo ọkọ̀ Georgia ló wà lójú ọ̀nà. Ọmọ màmá ló ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí i díẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Aunty. Mọ́mì ń sinmi." Kò ní kí n wọlé. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré níwájú gáréèjì wọn. Mo ju ọmọ yìí lọ ní ọdún mẹ́wàá ó kéré tán.

"Aunty, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn aládùúgbò ń wò wá."

Mo ní, "Kí wọ́n máa wò. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀."

Òyìnbó kan tó ń fa ajá lọ dúró, ó bi mí bóyá ara mi le. Mo ní ara mi le, mò ń tọrọ àforíjì ni. Ó ní ó dáa, òun àti ajá bá tiwọn lọ. Ọmọ màmá wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìyẹn tilẹ̀ dùn mí ju pé kó gbá a mọ́ mi lójú lọ.

Ní Ọjọ́rú mo tún lọ. Kò ṣí i rárá. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kú, mo dìde, mo rí i tí kọ́tìnnì òkè mì, mo padà sílé. Ọkọ mi ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá ni?" Mo ní tí ọlọ́pàá bá dé, màá kúnlẹ̀ fún òun náà. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní kí n fi tìmùtìmù sínú ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ti ṣí. Màmá fúnra wọn ni, wọ́n di ọ̀pá onírin mú, wọ́n ti rù. Wọ́n ní, "Wọlé. Kọnkéré kọ́ ló ni ẹjọ́." Ọmọ wọn dúró lẹ́yìn wọn, ó káwọ́ gbera.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọkùnrin. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ti ń kó jọ láti College Park bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu mi. Wọ́n dá mi dúró.

"Dákẹ́ ná. O ṣẹ̀ mí, mo mọ̀. O ka ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń ka ojú ọjọ́, o wá fi ijó tì í lẹ́yìn. Màá bá ọ jà lórí ìyẹn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo sọ fún mi."

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ọjọ́ mẹ́rin! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń sọ pé ẹ pè é fún mi. Ẹ ní network ò dáa. Mò ń jẹun, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń kọrin nínú ilé yìí, ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní mọ́ṣúárì."

Ọmọ wọn ní, "Mọ́mì, ọkàn yín là ń rò. Dókítà sọ pé..."

"Ọkàn mi yẹn náà ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Ta ló máa wá bá mi fi tiẹ̀ sunkún un?"

Mo wo ọmọ náà, mo sì rí i pé kì í ṣe ìbínú nìkan ló wà lójú ẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Ọjọ́ mẹ́rin ni òun náà fi gbé ọ̀rọ̀ òkú náà mì, tó ń gbé oúnjẹ fún màmá, tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún mánéjà pé ọ̀rọ̀ ti tán, ó mi orí. Ó ní, "Aunty, kò tíì tán nínú mi. Mi ò lè parọ́."

Màmá ní, "Ta ló ní kó o parọ́? Èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹ gbé bírò wá."

Wọ́n jókòó, wọ́n fa ìlà sórí ìwé, wọ́n kọ lẹ́tà sí mánéjà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àwọn tísà àtijọ́, àmì ìdánudúró gbogbo pé síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ náà ti di ìdáríjì. Wọ́n tún ní kí ó fún àwọn láyè lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn fi ẹnu ara àwọn kéde ẹ̀gbọ́n àwọn bó ṣe tọ́.

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ ní Fúráídè, mo gbé lẹ́tà náà lọ. Mánéjà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní lẹ́tà tó dáa ni, ó pẹ́ tí òun ti rí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹjọ́ sùn kọ́ ló kọ ọ́. Ó ní Sátidé kan péré ni òun fún mi. Òun fúnra òun á dúró lẹ́yìn gíláàsì. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí náà bá tún sọ pé a ṣe àwọn níbi, ká má tún padà wá.

Wọ́n dé láàárọ̀ Sátidé kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọmọ màmá ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá, torí wọ́n ti wọ bàtà jókòó láti aago mẹ́fà, wọ́n ní bí kò bá gbé àwọn, àwọn á fẹsẹ̀ rìn. Ó mú wọn dé ẹnu ọ̀nà sítúdíò, ó kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Aunty," ó padà sínú ọkọ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó pa gíláàsì ọkọ̀ dé, ó tẹjú mọ́ iwájú.

Mo kí àwọn olùgbọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn, mi ò wí àwáwí kankan. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀rọ etí lé màmá lórí, lórí ìborí wọn, mo yí máìkì sí wọn. Wọ́n wò ó bí tísà ṣe ń wo ọmọ kíláàsì tí kò ṣe iṣẹ́ ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wọn ò kánjú. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n dúró. Wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi jù wọ́n lọ, bíríkìlà ni, kò sì lọ sí ilé ìwé torí òun ni àkọ́bí, oko ni bàbá wọn mú un lọ. Nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ ìwé, ẹ̀gbọ́n wọn á ti oko dé, á wẹ ẹsẹ̀, á wá jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, á ní, "Tísà, kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín pé ọmọbìnrin kékeré ló ń kọ́ ọ ní á-bí-dí. Kò dá wọn lóhùn. "Akẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́ nìyẹn," ni màmá wí. "Títí tó fi darúgbó, tó bá kọ lẹ́tà sí mi, màá fi bírò pupa sàmì síbi tó ti ṣì í, màá dá a padà fún un. Kò bínú rí. Á tún un kọ, á fi ránṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ohùn wọn ò sì gbọ̀n.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kó wa wá síbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ń tọ́jú wa, ẹ ń fún wa lóògùn. Ẹ má fi òkú wa pamọ́ fún wa. A ti sin bàbá, a ti sin ìyá, àwọn mìíràn nínú wa ti sin ọmọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọmọ kékeré kọ́ ni wá. Ẹ bá wa sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá jókòó tì wá."

Wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo iná fóònù tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí aago mọ́kànlá lù. Mo wo nọ́ńbà tó wà lókè pátápátá, mo sì mọ̀ ọ́n. Òun ni nọ́ńbà tí mo pè lẹ́ẹ̀mejì tí ẹni tó ni ín kò gbé e. Ọmọ màmá ni, láti inú ọkọ̀.

Mánéjà dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo ojú mi torí kò gbọ́ èdè. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá bú wa lórí afẹ́fẹ́, bó bá ní a tún ń fi ìyá òun ṣe ìran, ọ̀rọ̀ bùṣe, bọ́ọ̀lù ti gba àárọ̀ Sátidé. Mo lè mú fóònù mìíràn. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àmọ́ ṣé mo tún fẹ́ dá tirẹ̀ rò fún un ni, bí mo ṣe dá ti ìyá rẹ̀ rò? Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wà lórí afẹ́fẹ́."

À ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó wá ní, "Mọ́mì, èmi ni."

Màmá ní, "Mo mọ̀ ọ́."

"Mi ò tíì kí yín. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ayé ti kí yín, èmi ò tíì kí yín. Mọ́mì, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́, o ti sunkún ẹ̀?"

"Rárá, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni mò ń ṣọ́."

"Sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

A gbọ́ nínú fóònù bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ṣí. Aago mọ́kànlá lù. Mánéjà wo aago, ó wo màmá, ó wá fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ náà ò pa fóònù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kíkan, bí ọmọdé ṣe ń sunkún, gbogbo Yorùbá Atlanta sì ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ bó ṣe ń sáré bọ̀.